Ìfàsẹ́yìn Díẹ̀

Ilé Alàájì Múrítàlá,
Ẹgbẹ́dá, Èkó.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kìíní, 2025.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọyẹ́ o. Ètè mi ti là, síbẹ̀ òógùn ń bọ́ lára mi. Ọyẹ́ Èkó kò mọ èyí tí òun fẹ́ ṣe. Mo kí Ìyá Ayọ̀, mo kí gbogbo ìjọ. Jàfárù awakọ̀ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ ní Òkèhò. Bí ó bá ní mo ti rù, ẹ má dá a lóhùn. Aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà ló tóbi.

Mo rántí àṣẹ yín. Lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn, ẹ dá a padà, ẹ sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣe máàkì. Yorùbá pọ́nńbélé ni mo fi kọ eléyìí. Ẹ fi bírò yẹn sílẹ̀.

Ẹ béèrè bí Ẹgbẹ́dá ṣe rí. Èèyàn pọ̀, Màámi, ṣùgbọ́n wọn kì í kí ara wọn tán kí wọ́n tó kọjá. Alàájì tó ni ilé, ará Ìbàdàn ni. Jẹnẹrétọ̀ ló fi ń mọ àwọn ayálégbé rẹ̀. Bí èyí tó ń súfèé bá ti dún, á ní, "Godswill ti dé." Bí èyí tó ń wúkọ́ bá dún, á ní, "Ganiyat ti wọlé." Èmi kò ní jẹnẹrétọ̀, nítorí náà kò mọ̀ pé mo wà nílé. Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ jù ni kọ̀ndọ́ ọkọ̀ Ìgándò, ohun kan náà ló sì máa ń sọ: "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Bí mo bá ní ṣéńjì lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ wa tán nìyẹn. Nígbà mìíràn mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò ní, kí ó lè tún sọ òmíràn.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nílé-ẹ̀kọ́ nìyí. Sátẹ́láìtì kan wà lókè tó ń ya àwòrán ìkùukùu. Kí ohùn rẹ̀ tó délẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ampilifáyà kékeré kan ni mo ń ṣe tí yóò gbé ohùn náà sókè. (Ẹ má fa ìlà sábẹ́ ampilifáyà o. Ìjọ wa náà ní ọ̀kan, orúkọ tí ẹ ń pè é nìyẹn.) Dókítà Báyọ̀dé tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fẹ́ kí ariwo kéré nínú rẹ̀. Henry, tí àwa méjèèjì jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ní àfi kí n lé ìfàsẹ́yìn lọ pátápátá. Èmi sì ti rí i pé bí mo bá lé ìfàsẹ́yìn lọ pátápátá, ariwo á pọ̀ jù. Nítorí náà, Màámi, mo ti fọwọ́ sí ìfàsẹ́yìn díẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbà bẹ́ẹ̀, ọkàn mi balẹ̀.

Nínú oṣù Kẹta, n óò dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Bí n kò bá lè ṣàlàyé, wọn á ní kí n tún ọdún yìí ṣe. Ẹ mọ̀ mí: bí ojú bá ti pọ̀ lára mi, ẹnu mi á gbẹ. Kò sí ìdánwò tí mo wọlé ṣe rí tí ẹ kò kọ́kọ́ gbàdúrà lé mi lórí. Fóònù kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí àfi kí ẹ gun òkè kẹ́ ẹ tó rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, orúnkún yín kò sì gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àdúrà náà sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi. Kí ẹ sì fi èlùbọ́ díẹ̀ kún un.

Ọmọ yín,
Iyìolúwa.


Òkèhò.
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kìíní, 2025.

Iyìolúwa,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Èlùbọ́ wà lọ́wọ́ Jàfárù. Ìkíni tán.

Mo ka lẹ́tà náà dé ìdajì, mo jókòó. Mo tún un kà, mo dìde. "Mo ti fọwọ́ sí ìfàsẹ́yìn díẹ̀." Ìwọ Iyìolúwa, tí mo gbé wọ inú ìjọ nígbà tí ìwọ́ rẹ kò tíì gbẹ! Ìfàsẹ́yìn a máa ní díẹ̀? Ṣé ẹni tó já sí odò díẹ̀ ni omi máa ń gbé lọ díẹ̀? O tún wá ní ọkàn rẹ balẹ̀. Ọkàn ẹni tó ń sùn lójú pópó náà balẹ̀.

Kí wá lo tìtorí rẹ̀ ṣe é? Kí ariwo lè dínkù! Àwọn èèyàn ń kọrin sí Ẹlẹ́dàá wọn, ọmọ mi ń pè é láriwo. Nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́, ìdí ìlù ìjọ lo ti máa ń sùn. Bí wọ́n bá dákẹ́ ni wàá jí.

Ta ni Henry yìí? Ó jọ pé òun nìkan ló kù tó mọ Ọlọ́run nílé-ẹ̀kọ́ yín. Ọmọ gidi ní kó o lé ìfàsẹ́yìn lọ pátápátá, o ní ó tì. Bá mi kí i dáadáa. Sọ fún un pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un. Ta sì ni Dókítà Báyọ̀dé, tó jókòó tó ń bójú tó ìfàsẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ?

Mo ti gun òkè. Orúnkún tó o ní kò gbà á ti gbà á. Mo pe Wòlíì Ebenezer tí wọ́n ń ṣọ́ ìjọ wa ní Ẹgbẹ́dá níbẹ̀, mo sì ti ní kí wọ́n wá wò ọ́.

Ní ti àdúrà tó o béèrè, mi ò lè da òróró sórí ìfàsẹ́yìn. Ọjọ́ tó o bá kọ̀wé pé o ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ náà ni n óò kúnlẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Cecilia.


Ẹgbẹ́dá.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ìrònú o. Mo dúpẹ́ fún èlùbọ́. Mo ti rò ó lẹ́ẹ̀kan, ó funfun ju ti Èkó lọ, tàbí kí n ní ó dúdú bó ṣe yẹ kó dúdú.

Wòlíì Ebenezer wá. Wọn kò dá wá. Àgbà ìjọ mẹ́rin ló tẹ̀lé wọn, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, wọ́n ń lu agogo bọ̀ láti ẹnu títì. Alàájì ń fọ mọ́tò rẹ̀ nínú ọgbà. Ó gbójú sókè.

"Ẹ̀yin aláṣọ funfun, ẹ ǹlẹ́ o. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ọmọ kan tó fà sẹ́yìn ni, Alàájì."

"Nínú ilé mi?"

"Iyìolúwa lorúkọ rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ́n, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn! Ó fà sẹ́yìn? Ìgbà wo ló tiẹ̀ bọ́ síwájú ná?"

Mo wà lẹ́yìn kọ́tínì, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo jáde, mo kúnlẹ̀. Wòlíì bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo fọwọ́ sí ìfàsẹ́yìn.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ ló mú ọ fà sẹ́yìn?"

"Rárá sà. Èmi ni mo mú ẹ̀rọ fà sẹ́yìn."

Wọ́n wo ara wọn lójú. Màmá kan nínú wọn dá orin sílẹ̀. Mo sáré gbé ampilifáyà mi jáde kí wọ́n lè rí i, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ tó ti ń tán lọ. Wòlíì na ọwọ́ láti gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Mo kígbe, Màámi, èmi tí kì í kígbe: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọwọ́ kàn án! Iná tó wà lára yín á pa á!" Òótọ́ ni mo sọ. Ara gbogbo èèyàn ló ní iná kékeré kan lásìkò ọyẹ́, ẹ̀rọ yìí kò sì lè gbà á. Ṣùgbọ́n Wòlíì fa ọwọ́ padà, wọ́n kọjú sí àwọn yòókù, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹ gbọ́ bí? Ó rí iná náà." Wọ́n gbàdúrà lé ẹ̀rọ lórí láti òkèèrè, wọ́n sì lọ.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń pè mí ní Afàsẹ́yìn. "Afàsẹ́yìn, omi ti dé o!" "Afàsẹ́yìn, ṣé o ti jẹun?" Kí n má purọ́, ó wù mí ju kí wọ́n má pè mí ní nǹkan kan.

Màámi, ẹ jẹ́ kó yé yín. Ohùn tó ń bọ̀ láti antẹ́nà, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń kọlu ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ, á sì padà síbi tó ti ń bọ̀. Èyí tó padà yẹn ni mo pè ní ìfàsẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan Ọlọ́run rárá.

Mo jẹ́ iṣẹ́ yín fún Henry. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ mọ́. Ó ní, "Àní ìyá ẹ gan-an mọ̀ pé tèmi ló dáa." Ní ọjọ́ Ajé, Dókítà Báyọ̀dé bi mí ìdí tí ohùn fi ń padà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ mi. Mo mọ̀ ọ́n. Mo la ẹnu, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Henry bá mi dáhùn, ó ní mo ṣì ń tún un ṣe ni. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta ni wọ́n mú fún àlàyé wa. Bí ó bá rí báyìí lọ́jọ́ náà, mo gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, àdúrà náà.

Ọmọ yín,
Iyìolúwa.


Òkèhò.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, 2025.

Iyìolúwa,

"Ọ̀rọ̀ yìí kò kan Ọlọ́run rárá." Ojú ara mi ni mo fi kà á. Ọ̀rọ̀ wo ni kò kàn Án? Irun orí rẹ, tí o kì í dì dáadáa, Ó mọ iye rẹ̀.

Wòlíì Ebenezer ránṣẹ́ pé o bẹ̀rù iná tó wà lára àwọn, nítorí náà ìrètí ṣì wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ba ayé mi jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, n óò sì sọ bó o ṣe bà á jẹ́.

O mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ìran níjọ wa. Bí aríran bá bọ́ sínú Ẹ̀mí, ohun tó bá sọ ni mò ń kọ sílẹ̀, òun la máa ń kà sétí ìjọ. Lọ́jọ́rú, Ẹ̀mí gbé Ìyá Ayọ̀. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀ gan-an lọ́dún yìí, ó dà bí ìgbà tí ewé ń bọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ kankan kò ní bọ́ sílẹ̀. Mo sún mọ́ wọn, mo tẹ̀ ba, títí etí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ẹnu wọn. Kí ni mo gbọ́? Aṣọ àdúrà mi tí mo fi sítáàṣì sí, ó ń ró pàràpàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Èémí mi ń lọ hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀ nítorí mo tẹ̀ jù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Ẹ yẹra fún ẹja." Wọ́n kà á sétí ìjọ. Ìyàwó olùṣọ́ ìjọ lọ sílé, ó da odindi ìkòkò ọbẹ̀ nù. Ọjọ́ kejì ni Ìyá Ayọ̀ ní "ẹjọ́" làwọn wí. Ẹ yẹra fún ẹjọ́!

Ìyàwó olùṣọ́ kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ìwọ lo fà á. Bí ọkàn mi bá pé síbì kan, mi ò ní gbọ́ ẹja.

Àdúrà kò sí. Mo ti gba ti Henry.

Èmi ni ìyá rẹ,
Cecilia.


Ẹgbẹ́dá.
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì, 2025.

Màámi mi,

Mo kúnlẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kò kan Ọlọ́run. Ìbínú ló mú mi kọ ìyẹn. Ẹ bá mi bẹ ìyàwó olùṣọ́. Mo fi ẹja pańla díẹ̀ láti Ìkòtún rán Jàfárù, ẹ bá mi fún wọn.

Mo ti ka lẹ́tà yín ní àkàtúnkà. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ẹ̀yin fúnra yín ti kọ gbogbo ohun tí mo ń wá ọ̀rọ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: nígbà tí ẹ tẹ̀ ba lé Ìyá Ayọ̀, ta ló ń pariwo? Kì í ṣe Ìyá Ayọ̀. Kì í ṣe ìjọ, gbogbo wọn ti dákẹ́. Aṣọ yín ni. Èémí yín ni. Ariwo tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, kì í ṣe ti orin, kì í ṣe ti ìlù. Ariwo ara ẹni tó ń gbọ́ ni. Ẹ̀rọ mi náà ń mí, aṣọ tirẹ̀ náà ń ró. Kò sí ẹ̀rọ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí mo bá ṣí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí gbogbo ohùn antẹ́nà wọlé láìku ẹyọ kan, bí ẹ ṣe ṣe lọ́jọ́rú náà nìyẹn. Ohùn á wọlé tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo ara ẹ̀rọ á ga, á sì sọ ẹjọ́ di ẹja. Ibòmíràn wà tó yẹ kí ẹ jókòó sí. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ nàró, ẹ mí bó ṣe yẹ. Díẹ̀ nínú ohùn Ìyá Ayọ̀ á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kò ní wọ etí yín. Ìpàdánù ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ariwo tiyín á lọ sílẹ̀ ju ohun tí ẹ pàdánù lọ, èyí tó bá sì wọlé á yé yín. Bí ẹ bá wá sún jìnnà jù, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìdí tí mo fi ní "díẹ̀" nìyẹn.

Ìbáramu là ń pè é: bí antẹ́nà àti ẹ̀rọ ṣe máa bá ara wọn mu. Kókó ibẹ̀ ni pé ìbáramu méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí ohùn fi ń wọlé jù, èkejì ni èyí tí ọ̀rọ̀ fi ń yéni jù. Ó ṣọ̀wọ́n kí méjèèjì bọ́ sójú kan náà. Ti àkọ́kọ́ ni Henry yàn. Èmi yan ti ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ tí mo lò ló ṣì mí lọ́nà. Ẹ ní kí n má ti gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́, mo wá ọ̀rọ̀ Yorùbá títí, ti orí pẹpẹ ìwàásù ló wá sí mi lẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi níbẹ̀, òun ló ṣe jẹ́ pé òun ni mo kọ́kọ́ rántí.

Ẹ gbàdúrà fún mi, Màámi. Ẹ má gbà á fún Henry nìkan.

Ọmọ yín,
Iyìolúwa.


Ẹgbẹ́dá.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Jàfárù lọ, ó bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Mo dúró dè é ní Ìyànà-Ìpájà.

"Ṣé wọ́n fún ẹ ní nǹkan?"

"Wọ́n fún mi lẹ́pà yíyan."

"Tèmi ń kọ́?"

"Sístá, mo ti jẹ ẹ́. Wọn ò fún mi ní tìẹ."

"Ṣé inú ń bí wọn?"

"Mi ò lè mọ̀. Àga ni wọ́n ń sún."

"Àga wo?"

"Àga! Wọ́n sún un síwájú, wọ́n jókòó. Wọ́n dìde, wọ́n sún un sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ní kí ni kí n sọ? Wọ́n ní ohunkóhun. Mo ń ka orúkọ àwọn ibùdókọ̀ láti Ìkòtún dé Ìdímù fún wọn. Sístá, ṣé ara Màmá yá?"

Màámi, ṣé ara yín yá? Ọjọ́bọ̀ ni mo máa dúró níwájú wọn. Mo ti ń sọ̀rọ̀ níwájú dígí, n kò lè parí gbólóhùn kan. Bí ẹ kò bá tíì dárí jì mí, ẹ kàn kọ "rárá" ránṣẹ́, kí n mọ̀ pé n kò ní nǹkan lọ́wọ́ lọ. Àìmọ̀ yìí burú ju rárá lọ.

Ọmọ yín,
Iyìolúwa.


Òkèhò.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, 2025.

Àtọ́kẹ́ mi,

Níbo lo ti gbé "rárá" jáde? Mi ò dá ọ lóhùn nítorí mi ò fẹ́ fi ìbínú dá ọ lóhùn. Nígbà tí ìbínú lọ, mo rí i pé àìmọ̀ ló kù, mi ò sì fẹ́ fi àìmọ̀ dá ọ lóhùn náà. Mo ní kí n dán an wò.

Jàfárù kò wúlò, ohùn rẹ̀ ti le jù. Ṣùgbọ́n lánàá, Ẹ̀mí gbé Ìyá Ayọ̀. Aṣọ tí mi ò fi sítáàṣì sí ni mo wọ̀. Mo gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo sún un sẹ́yìn díẹ̀. Mo tún sún un. Olùṣọ́ wò mí títí.

"Màmá, ṣé Ẹ̀mí lẹ̀ ń sá fún ni?"

Mo ní, "Rárá, bàbá. Ìbáramu ni mò ń wá."

Àtọ́kẹ́, mo gbọ́! Àwọn ọ̀rọ̀ kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣùgbọ́n èyí tó wọlé mọ́ gaara, mi ò ní láti méfò kankan. Wọ́n ní, "Kí ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ jà lórí ohun tí kò yé e lọ jókòó jẹ́ẹ́." Mo ti kọ ọ́ tán kí n tó mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Nígbà tí ìsìn parí, mo bi wọ́n bóyá n kò ṣì wọ́n gbọ́. Wọ́n ní kò sí ẹja níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyàwó olùṣọ́ gba pańla. Ó ní ìfàsẹ́yìn rẹ dùn lọ́bẹ̀.

Níbikíbi tó o bá ti ń ka èyí, dúró jẹ́ẹ́:

Olúwa, Iyìolúwa ń lọ síwájú àwọn olùkọ́. Ìwọ tó fún ìkùukùu ní ọ̀nà, fún un lọ́rọ̀ sọ. Kí ìfàsẹ́yìn rẹ̀ má kéré jù, kó má sì pọ̀ jù. Kí ariwo ara rẹ̀ má bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí Henry bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, fi ikọ́ dá a dúró. Ìwọ̀nba ikọ́ ni o, Olúwa, mo ti gbàdúrà fún òun náà.

Àmín rẹ ni kó o ṣe níbẹ̀.

Ìyá rẹ,
Cecilia.


Ẹgbẹ́dá.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹta, 2025.

Màámi mi,

Ẹ kú àdúrà, ẹ kú àga sísún! Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ gan-an ni Jàfárù fún mi ní lẹ́tà yín. N kò ráyè ṣí i nínú ọkọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ti kà á, èmi àti Henry jókòó, à ń dúró kí wọ́n pè wá. Mo kà á dé "fi ikọ́ dá a dúró." Mo ń sọ àmín lọ́wọ́ ni Henry wúkọ́.

Ẹ̀rín gbé mi, Màámi. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́. Mo ṣí ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Henry ní, "Kí ni?" Ó tún wúkọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú láti orí bẹ́ǹṣì. Ilẹ̀kùn ṣí, Dókítà Báyọ̀dé yọjú.

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín báyìí? Iyìolúwa? Mi ò mọ̀ pé o lóhùn! Ó yá, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọlé."

Mo wọlé, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi, ẹnu tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín kì í tètè gbẹ. Mo sọ̀rọ̀ dé ìdajì láìdúró. Ìgbà náà ni màmá kan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, tí wọ́n ti ń wò mí lábẹ́ jígí, ní, "Dúró ná. Ohùn ń padà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ tìẹ. Ti Henry, kò sí èyí tó padà. Ṣé àṣìṣe ni?"

Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì kì kì. Ìyẹn nìkan ni mo ń gbọ́. Mo fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, mo mí. Mo ní, "Rárá mà. Mo fọwọ́ sí i ni." Mo sì sọ ọ̀rọ̀ yín fún wọn: akọ̀wé ìran, sítáàṣì, ẹja àti ẹjọ́. Dókítà Báyọ̀dé dorí kodò, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Màmá ọ̀jọ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín o. Wọ́n ní, "Àwòrán dà?" Mo gbé àwòrán méjì sílẹ̀, ọ̀kan láti ẹ̀rọ Henry, ọ̀kan láti tèmi, ọjọ́ kan náà la gbà wọ́n. Ti Henry dà bí ìgbà tí gààrí dà sórí aṣọ dúdú. Nínú tèmi, èèyàn lè fi ìka tọ etí òkun láti Badagry títí dé Lẹ́kìí. Wọ́n sún tèmi mọ́ra, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní, "Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí kọ́ ọ dáadáa." Mo ní, "Ẹ ṣé mà, n óò bá yín sọ fún wọn." N kò sọ pé Òkèhò ni wọ́n wà.

Mo yege, Màámi! N kò ní tún ọdún ṣe. Henry náà yege, àdúrà yín kò ṣòfò lára rẹ̀. A sì ti jọ mu mínírà lẹ́nu géètì, èmi ni mo kọ́kọ́ pè é.

Jàfárù ti ń fọn fèrè, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ní kí n lọ tún ṣe: wọ́n ní ìdúróṣinṣin mi kù díẹ̀ káàtó, pàápàá bí ooru bá mú.

Ọmọ yín tó ń fò,
Àtọ́kẹ́.


Òkèhò.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, 2025.

Àtọ́kẹ́ mi,

Ẹ kú oríire, ìwọ àti Henry. Mo ka "mo yege," mo jó láti ìloro dé ẹ̀yìnkùlé. Mo padà wá parí lẹ́tà. Mo ka "ìdúróṣinṣin mi kù díẹ̀ káàtó," ijó tán lẹ́sẹ̀ mi.

Mo ti wọ bàtà. Mo ti dé ìsàlẹ̀ òkè, mo ti mú fóònù dání, nọ́ńbà Wòlíì Ebenezer ti wà lójú rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀. Mo padà sílé, mo bọ́ bàtà.

Mi ò sọ fún olùṣọ́. Mi ò sọ fún Ìyá Ayọ̀. Mi ò dárúkọ rẹ níbi àdúrà Ẹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń yún mi lẹ́nu. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bi: ìdúróṣinṣin wo?

Má kọ èsì. Jàfárù ti fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ fún mi ní Sátidé. N óò gbé ilá àti ẹ̀wà dání, má se nǹkan kan. Bí mo bá ti jókòó, kó o bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀, kó o sọ ọ́ ní èdè tó bá wù ọ́. Mi ò ní dá ọ lẹ́nu títí wàá fi parí.

N óò gbìyànjú.

Ìyá rẹ,
Cecilia.